Orúkọ tí mi ò lè pè sétí ọmọ

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ, ìyá wa ní èmi ni kí n wá orúkọ. Bí àwọn òǹkọ̀wé Tsonga ní gúúsù Áfíríkà ṣe ń sọ ẹ̀dá ìtàn wọn lórúkọ ni mo ṣáà fi gboyè ní yunifásítì.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n orúkọ," ni ìyá mi ń pè mí. "A ti rí ohun tí ìwé yẹn wà fún."

Kò mọ̀ pé ìwé yẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Nínú ìtàn àwọn Tsonga, orúkọ lè ṣíwájú ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Wọ́n á bí ọmọ sínú ọ̀fọ̀, wọ́n á sọ ọ́ ní Omijé, ìwọ òǹkàwé á sì ti máa retí ẹkún. Èmi náà, ibùgbé àwọn tó ń tọrọ ààbò ni wọ́n bí mi sí ní Dublin níbí, ìyá mi sì sọ mí lórúkọ tó ní ìyà ti tán. Mo gboyè tán, gbogbo ibi tí mo kọ̀wé sí kọ̀ mí, mo wá ń to páálí ọjà ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Clondalkin. Bí wọ́n bá fi orúkọ yẹn pè mí, ojú máa ń tì mí, bí ẹni tó wọ aṣọ aláṣọ.

Lọ́jọ́ ìkómọ, nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Ongar, ìyá mi gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́.

"Ó yá, pè é sí i létí."

Mo ti mú orúkọ kan wá, èyí tó ní ọ̀nà ti là. Mo wo ojú ọmọ náà, ó ń sùn, kò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀nà náà kò bá là ńkọ́?

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Mi ò lè ṣe é."

"Kí ló dé? Ṣé èpè ni wọ́n ní kó o ṣẹ́ ni?"

"Mọ́mì, ẹ fi sílẹ̀, it's grand, kò burú," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "A ti ní orúkọ Irish kan tí ò ní há tíṣà kankan lọ́fun."

Orúkọ yẹn náà ni ọmọ ń jẹ́. Mo bi wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀, wọn ò mọ̀ ọ́n.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tí a fi ń padà sílé, ìyá mi ní, "Orúkọ tí mo sọ ẹ́, ṣé kò dáa ni?"

"Ó dáa, Mọ́mì."

Ó kọjú sí fèrèsé. Láti ọjọ́ náà, "ọmọ mi" ló ń pè mí. Kò pe orúkọ tó sọ mí yẹn mọ́.