Ìyá Káàdì àti Garawa Inú Kọ̀ǹpútà

Gbogbo wa ní ilé ìgbẹ̀bí là ń pè é ní Ìyá Káàdì. Bó bá ní orúkọ mìíràn, inú ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ nìkan ló wà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú káàdì àwọn aláboyún, nínú yàrá tóóró kan tó wà láàárín yàrá ìrọbí àti ibi tí a ti ń wọn àwọn ọmọ ọwọ́. Pẹpẹ onípákó ló yí ògiri ká láti ilẹ̀ dé òrùlé. Bí aláboyún bá yọjú lẹ́nu ọ̀nà, kó tó kí wa tán, Ìyá Káàdì á ti nawọ́ sókè, á ti fa káàdì tirẹ̀ yọ. Ó mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń ru, ó mọ ẹni tó bí ìbejì, ó sì mọ ẹni tó máa ń yọ ọdún mẹ́rin kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí níbẹ̀ nígbà náà, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti òun. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Èyí tí kò ṣojú mi, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ tí Mátíróònù kó wa jọ, tó ní kọ̀ǹpútà ń bọ̀, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ìyá Káàdì kò pàtẹ́wọ́ ní tirẹ̀. Mo rí i tó fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú.

Mátíróònù ní, "Oṣù mẹ́ta la ní. Gbogbo ohun tó wà nínú káàdì ló máa wọnú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wá fi mọ́tò kó àwọn káàdì lọ sílé ìkẹ́rùsí. Ìyá Káàdì, ọwọ́ yín ni mo fi í sí. Bí ohunkóhun bá sọnù, ẹ̀yin ni mo máa bi o."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló gbé relé. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, bi í léèrè pé kí ló dé tí kò jẹun. Ó ní, "Kí ni kí n fi ọwọ́ tó ti gan yìí ṣe nídìí kọ̀ǹpútà?" Ọkọ rẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Tèmi gan ju tìrẹ lọ, pákó ò sì kọ̀ mí." Ìyẹn kò tù ú nínú. Pákó kì í fi orúkọ ẹgbẹ̀ta aláboyún pamọ́ síkùn.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà dé, ńṣe ni Ìyá Káàdì ń rìn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí ajá àjèjì sùn sí lójú ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, kò fọwọ́ kàn án. Ó fi aṣọ funfun bò ó, ó jókòó sí ìkángun kejì tábìlì.

Ẹni tí wọ́n ní kó wá kọ́ ọ jẹ́ bàbá arúgbó kan tó ti fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ lẹ́tà fún ọ̀gá mẹ́sàn-án kó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá Tàípù là ń pè é. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ nìkan ló máa ń wá.

Ó ní, "Ẹ jókòó, ìyá. Kò ní bù yín jẹ."

"Bàbá, bí mo bá tẹ ohun tí kò yẹ ńkọ́?"

"Ẹ ó tẹ èyí tó yẹ tẹ̀ lé e."

"Bó bá gbiná ńkọ́?"

"Ṣé ẹ ò rí i pé èmi ni mo sún mọ́ ọn jù? Èmi ló máa kọ́kọ́ jó."

Mo gbọ́ ẹ̀rín láti ìhà kejì ògiri, àmọ́ ẹ̀rín bàbá nìkan ni.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. "Ohun tí ẹ ń wò yìí, ẹ pè é ní ojú tábìlì yín. Bí ẹ ṣe ń to ìwé sórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ó ṣe tò ó síbí. Àwọn àwòrán kéékèèké yìí, ìwé làwọn kan, àpò tí ẹ ń kó ìwé sí làwọn kan, fódà nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí fódà, ẹ gbé ọfà yìí lé e, kí ẹ tẹ máòsì lẹ́ẹ̀mejì, wéré-wéré, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn."

Ìyá Káàdì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó wò ó bóyá nǹkan kan bàjẹ́. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá Tàípù ní, "Ìyá, àná lẹ kan ilẹ̀kùn yẹn, ẹ tún wá kàn án lónìí. Onílé ti lọ sóko."

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó rí fódà kan ṣí. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ máa ń làágùn tó bẹ́ẹ̀ tí máòsì fi ń yọ̀, ó sì ń nu ọwọ́ mọ́ aṣọ títí ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀ kan fi dúdú. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa nǹkan láti ibì kan sí ibòmíràn: èèyàn á tẹ̀ ẹ́, kò ní ju ọwọ́ sílẹ̀, á wọ́ ọ lọ, á wá sọ ọ́ kalẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó nàka sí àwòrán kan ní igun ìsàlẹ̀.

"Kí ni tibí yìí?"

"Garawa ìdalẹ̀nù ni. Ohun tí ẹ ò bá fẹ́ mọ́, ibẹ̀ lẹ máa jù ú sí."

Ó mirí. Kò béèrè sí i. Ó yé e, tàbí kí n sọ pé ó rò pé ó yé e. Nílé ìgbẹ̀bí wa, ohun tó bá ti bọ́ sínú garawa ìdalẹ̀nù, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló ń parí ayé rẹ̀. Ọkùnrin kan á wá fi bárò kó o lọ sẹ́yìn ilé ìfọṣọ, á sun ún di eérú. Ìyá Káàdì ti ń wo iná yẹn láti ojú fèrèsé rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Oṣù mẹ́ta pé. Ìka kan lẹ́yìn ìkejì, ó tẹ gbogbo káàdì wọnú fódà kan tí Bàbá Tàípù bá a kọ "Aláboyún" sí lára. Mọ́tò wá, ó kó àwọn káàdì lọ, ó wá ku pẹpẹ lásán. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé ńṣe ló dà bíi pé wọ́n gé ọwọ́ òun.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìyẹn, lọ́jọ́ Ẹtì, nǹkan ṣẹlẹ̀. Aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ni. Ó rí i pé fódà náà wọ́ díẹ̀, kò bá àwọn yòókù dọ́gba, ó sì jẹ́ ẹni tí kì í lè wo ohun tó bá wọ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ń fà á sísàlẹ̀. Ẹnì kan pariwo ní yàrá ìrọbí. Ọwọ́ rẹ̀ fò. Nígbà tó fi máa wo ojú kọ̀ǹpútà padà, fódà kò sí níbẹ̀ mọ́. Garawa tó ṣófo látàárọ̀ ti ní ìwé nínú.

Ó wo aago ara ògiri. Ó ku wákàtí méjì ààbọ̀ kí aago mẹ́rin lù.

Ìwọ tó ń kà á lè máa rẹ́rìn-ín. Ìyá Káàdì kò rẹ́rìn-ín. Ó rò pé bí òun bá fọwọ́ kan garawa náà, iná á yára dé. Bí òun kò bá sì fọwọ́ kàn án, iná á ṣì dé. Mátíróònù wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́wàá péré síbẹ̀, àmọ́ kò lọ. Ó fi aṣọ funfun bo kọ̀ǹpútà, ó jókòó tì í. Àwọn aláboyún tó wá, ó ń sọ fún wọn pé, "Ẹ̀rọ ń sinmi, ẹ padà wá lọ́la." Ọ̀la, tó jẹ́ ọjọ́ tí a kì í ṣí yàrá káàdì.

Ní aago mẹ́ta kọjá ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n gbé obìnrin kan wọlé, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Àlejò kan tó wà nílé wọn ló gbé e wá, kò sì mọ̀ ju pé ìyàwó bíríkìlà ni. Mo rí ìwé pélébé nínú báàgì rẹ̀: nọ́ńbà ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìdínlógún. Dókítà ń fọ ọwọ́ lọ́wọ́, ó ní iṣẹ́ abẹ ni, kíá. "Abẹ́rẹ́ pẹnisílì ni mo ní nílẹ̀ tí mo máa fún un. Bí ara rẹ̀ kì í bá gbà á, á jẹ́ pé a ní láti ránṣẹ́ mú òmíràn nílé ìwòsàn kejì. Lọ wo ìwé rẹ̀."

Mo sáré wọ yàrá káàdì. "Ìyá, nọ́ńbà ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìdínlógún!"

Ó wò mí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Mo ti dà wọ́n nù. Gbogbo wọn. Aago mẹ́rin ni wọ́n máa sun wọ́n."

Mo ní kí ni? Ó ṣí aṣọ, ó nàka sí garawa. Èmi náà kò mọ ọ̀nà ibẹ̀ ju òun lọ. "Ṣé ẹ ò rántí káàdì rẹ̀ ni?"

"Àwọn méjì ni, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n forúkọ sílẹ̀, ó lé mẹ́tàdínlógún àti ó lé méjìdínlógún. Ara ọ̀kan nínú wọn wú nígbà tí wọ́n fún un ní pẹnisílì, èmi ni mo fi yíǹkì pupa fà á nídìí. Mi ò mọ èwo nínú wọn mọ́! Olúwa mi, mi ò mọ èwo!"

Mo fa fóònù yọ, mo pe Bàbá Tàípù, mo gbé e sí i létí.

"Bàbá, ẹ gbà mí o. Mo ti da àwọn aláboyún nù."

"Ẹ da aláboyún nù? Síbo?"

"Sínú garawa."

"Inú kọ̀ǹpútà?"

"Ẹni tó ń sun ìdọ̀tí ti ń bọ̀, mo ń gbọ́ bárò rẹ̀!" Lóòótọ́, a ń gbọ́ bárò náà níta, tó ń ké kìín-kìín lórí kọnkéré.

"Ìyá, ẹ fetí sí mi. Kò sẹ́ni tó ń sun tinú yẹn. Àfi tí ẹ bá fọwọ́ ara yín kó o dànù, ibẹ̀ ló máa wà. Ẹ gbé ọfà lé garawa. Ẹ kan ilẹ̀kùn."

Ọfà ń fò káàkiri bí eṣinṣin. Mo fẹ́ bá a di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Fi mí sílẹ̀. Bó bá bàjẹ́, kó jẹ́ tèmi nìkan." Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan. Kò ṣí. Ó tún kàn án, kó-kó. Ó ṣí. Fódà wà níbẹ̀.

Bàbá ní, "Ọ̀rọ̀ méjì wà lókè. Ọ̀kan ni kí ẹ kó garawa dànù. Ìkejì ni kí ẹ dá ohun tó wà níbẹ̀ padà. Ẹ kà wọ́n sókè fún mi kí ẹ tó tẹ ohunkóhun."

Ẹ wo ibi tí wọ́n fi wọ́n sí, ìyè àti ikú, wọ́n fara kan ara wọn. Ìyá Káàdì ka ọ̀rọ̀ méjèèjì sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dijú, ó tún là á, ó tẹ ìkejì, èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

Fódà fò padà sójú tábìlì, wọ́-wọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ó ṣí i, ó wá a. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìdínlógún: àbúrò ni. Òun ni ara rẹ̀ kì í gba pẹnisílì. Mo sáré padà, dẹ́rẹ́bà wa sì ti gbéra kí n tó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, oògùn kejì dé. Obìnrin náà bí ọmọbìnrin kan tó kéré bí ẹyẹ, àwọn méjèèjì sì yè é.

Nígbà tí mo padà lọ sọ fún un, mo bá a lẹ́yìn ilé tó ń bì. Ó fọ ẹnu, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ Mátíróònù. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Mátíróònù ní, "Wákàtí méjì! Kí ló dé tí ẹ ò wá sọ?"

"Ẹ ti ní èmi lẹ máa bi, mà."

Mátíróònù kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ fún un lóòótọ́, nítorí òfin ni. Ṣùgbọ́n ó tún ránṣẹ́ pe Bàbá Tàípù pé kó wá ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé náà síbòmíràn, kó sì máa wá lójoojúmọ́ fún oṣù kan, kí gbogbo wa kọ́ ọ, títí kan Mátíróònù fúnra rẹ̀. Òun gan-an kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí fódà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìyàwó bíríkìlà gbé ọmọ rẹ̀ wá fún wíwọ̀n. Ìyá Káàdì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kò sí aṣọ lórí rẹ̀ mọ́. Ó tẹ ìwọ̀n ọmọ náà sínú rẹ̀, ó wò ó, ó tún wò ó.

Ìyá ọmọ ní, "Màmá, ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Ṣé ara yín ò yá ni?"

"Ara mi yá. Ẹ̀rù ló ń bà mí," ni Ìyá Káàdì fèsì. "Jọ̀ọ́, bá mi tún nọ́ńbà yẹn kà, kí n rí i pé mi ò ṣì í."