Ìdọ̀tí Ẹ̀yìn Ọjà Tí Wọ́n Ní Ó Tẹ́ Wa Lọ́rùn

Iṣẹ́ ìwádìí ni mò ń ṣe, ní ọ́fíìsì kékeré kan lókè ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Ketu. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí ará àdúgbò ń rò nípa omi, tàbí títì, tàbí ọṣẹ tuntun, àwa ni wọ́n ń háyà. A ó lọ láti ojúlé dé ojúlé, a ó béèrè ọ̀rọ̀, a ó tẹ ìdáhùn sínú fóònù. Ìbéèrè tí èèyàn lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn kì í dà wá láàmú. Ìbéèrè ìkẹyìn ló máa ń gba àkókò, èyí tí a ti ń ní kí onítọ̀hún sọ tẹnu ẹ̀ bó ṣe wù ú. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ la máa ń ka irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ sókè síra wa, tí a ó jiyàn lórí ẹ̀ kí a tó pín in sí ìsọ̀rí: eléyìí ń ráhùn, eléyìí ń bẹ̀bẹ̀, eléyìí kàn fẹ́ kí á máa lọ. Nígbà tó yá, ọ̀gá wa ra ẹ̀rọ AI kan tí wọ́n ní ó lè ṣe gbogbo ẹ̀ kí tíì tó tutù. Ó ní kí ọ̀rẹ́ mi máa lọ sílé. Ó fi èmi sílẹ̀ láti máa yẹ iṣẹ́ ẹ̀rọ wò.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a gbé fún ẹ̀rọ náà ni ti ibi tí wọ́n ń da pàǹtí ọjà sí lẹ́yìn Mile 12. Tòmátò tó ti rà, ata tó ti bu, èèpo àlùbọ́sà, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ síbẹ̀ títí ọkọ̀ á fi wá kó o, ìgbà tó bá sì wu ọkọ̀ ló ń wá. Omi pupa ń sun lára ẹ̀, ó ń ṣàn kọjá níwájú ilé àwọn èèyàn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo bì sínú gọ́tà. Àwọn tó ń bójú tó ibẹ̀ fẹ́ pinnu bóyá kí wọ́n gbé e kúrò tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n sì ní ohun tí ará àdúgbò bá sọ làwọn máa tẹ̀ lé.

Mummy kan wà níbẹ̀, opó ni, ó ń ṣe jẹ́léósinmi nínú pálọ̀ ara ẹ̀. Àwọn tó ń tajà lọ́jà ló ń gbé ọmọ wá fún un láràárọ̀, ibẹ̀ ló ti ń rí jẹ. Èmi ni mo lọ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Eṣinṣin bo ẹnu ọmọ kan tó ń sùn lórí ẹní, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ lé wọn bó ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Ìdin gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́ pa, kò tilẹ̀ dánu dúró. Bí mo ṣe ń jókòó ló ti sọ fún mi pé àwọn ìyá kan ti wá kó ọmọ wọn lọ, pé bí wọn ò bá gbé ìdọ̀tí yìí kúrò, òun á ti jẹ́léósinmi pa. Àmọ́ fóònù ò láyè fún ìyẹn. Ohun tí èèyàn bá sọ lẹ́yìn tí a bi í léèrè nìkan ni a gbọ́dọ̀ tẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Mo bi í ní ìbéèrè ìkẹyìn, pé kí ni wọ́n ní í sọ nípa ibi ìdàpàǹtí náà. Ó gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ó tún gèlè ẹ̀ wé.

“A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, Aunty. Àwọn ọmọ wà dáadáa. À ń ti fèrèsé pa, a sì ń fi oògùn fọlẹ̀ láràárọ̀. Kí Ọlọ́run bá wa ran ìjọba lọ́wọ́, kí wọ́n máa rántí wa.”

Ẹni tí wọ́n bá kọ́ nílé mọ ohun tó sọ. Àlejò dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó jù ọ́ lọ, o ò ní fi ẹ̀sùn pàdé ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Wàá kọ́kọ́ dúpẹ́, wàá ní ò ń gbìyànjú, wàá wá fi ẹ̀bẹ̀ rẹ sídìí àdúrà. Ta ló ń ti fèrèsé pa nínú ooru Èkó nítorí pé ayé dùn? Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú ẹ̀ á di odidi. Ẹ̀rọ ò ní inú tí ohunkóhun lè dé.

Báyìí náà ni ọ̀pọ̀ àwọn aládùúgbò ẹ̀ ṣe dáhùn. Ẹ̀rọ gbé gbogbo wọn mì, ó pọ èsì jáde: ìdúpẹ́, ìmọ́tótó, ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ìjọba. Ó ní ibi ìdàpàǹtí náà tẹ́ àwọn èèyàn lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ Mummy yẹn ló mú pé ó ṣàpèjúwe ìtẹ́lọ́rùn wọn jù lọ. Ṣíọ̀.

Mo tẹ àlàyé fún ẹ̀rọ náà, mo sọ ohun tí mo fojú mi rí. Kíá ló tọrọ àforíjì. Ó ní òótọ́ ni mo sọ, pé òye mi jinlẹ̀, ó sì yí gbogbo wọn padà sí ìráhùn. Inú mi dùn, mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ bá ọ̀gá.

“Ọ̀gá, àwọn èèyàn yìí ń ráhùn o.”

“Níbo? Show me ibi tí màmá yìí ti sọ pé ó ń rùn.”

“Wọn ò ní sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ̀rọ gan-an ti gbà pé òun ṣàṣìṣe.”

Ó fa láptọ́ọ̀pù sọ́dọ̀ ara ẹ̀, ó bi ẹ̀rọ bóyá kì í ṣe ìtẹ́lọ́rùn ló hàn kedere nínú ọ̀rọ̀ wọn. Kíá ló tún tọrọ àforíjì. Ó ní òótọ́ ni ọ̀gá sọ, òye ọ̀gá jinlẹ̀. Gbogbo ẹ̀ tún padà sí bó ṣe wà.

“Ṣé o ti rí i?” ni ọ̀gá wí. “Ìwọ lò ń fi àánú ṣiṣẹ́. Machine ò mọ ẹnì kankan.”

Ìríra tó mú mi lọ́jọ́ yẹn ju ti ìdọ̀tí lọ. Bí ìgbà téèyàn fẹsẹ̀ lásán tẹ tòmátò tó ti jẹrà ni. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi máa ń jà lórí ìdáhùn kan títí ebi á fi pa wá, nítorí pé èèyàn ló sọ ọ́. Ohun tó gba ipò ọ̀rẹ́ mi yìí, ẹni tó bá bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló ń gbè. Bẹ́ẹ̀ ọ̀gá sì mọ̀ dájú. Ìyá tó bí i pàápàá ò lè fi ẹ̀sùn ṣíwájú ìkíni.

Wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn kan ní Ikosi láti ka èsì náà. Ọ̀gá gbé ọ̀rọ̀ Mummy sára ògiri, gàdàgbà, òdòdó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó kà á sókè. Ó ní kí Mummy dìde kí gbogbo ayé rí i. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà àdúgbò, ó ní, “Ẹ ṣeun, sà, ṣùgbọ́n…” Àtẹ́wọ́ ti bo ìyókù mọ́lẹ̀. Kí a tó túká, alága àwọn tó ń bójú tó ibẹ̀ ti kéde pé ibi ìdàpàǹtí náà á dúró síbi tó wà.

Mo lé Mummy bá lójú títì.

“Mummy, ẹ máà bínú.”

“Aunty, ẹ wọlé mi, ẹ rí ìdin. Ṣé ó yẹ kí n bú yín ni, kí wọ́n tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bí ẹnikẹ́ni bá tún wá béèrè, ẹ bú u.” Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ó wò mí bí ẹni tí mo sọ̀rọ̀ rírùn sí létí.

“Àlejò tó wá kí mi nílé? Ká má rí i.”

Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run gbé mi ga nídìí iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ṣàmín. Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti ti jẹ́léósinmi pa.