Páálí Mẹ́ta Jẹ́jẹ́

Àǹtí tíṣà yìí, ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ tí ìwé kì í tètè wọ̀ lórí. Páálí mẹ́ta ni gbogbo ọgbọ́n ẹ̀. Pupa: ta ni? Funfun: kí ló ṣe? Aláwọ̀ ewé: níbo? Ọmọ á tò wọ́n sórí tábìlì, á wá kọ ọ́ sínú ìwé. Òfin kan ṣoṣo ló fi lé e.

"Ohun tó o bá fojú ara ẹ rí ni kó o kọ. Má purọ́ fún mi."

Jẹ́jẹ́, ọmọ káfíńtà, wà nínú wọn. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án, ìyá ẹ̀ ti kú, gbólóhùn kan ò sì jáde lọ́wọ́ ẹ̀ rí. Káfíńtà ti là á mọ́lẹ̀ fún tíṣà.

"Tó bá di ọjọ́ ìpàdé òbí tí kò tíì lè kọ gbólóhùn kan, màá mú un kúrò. Kó wá máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi."

"Ẹ ní sùúrù, bàbá Jẹ́jẹ́. Ọmọ yẹn gbọ́n jù yín lọ."

"Ẹnu yín dùn. Ìwé la ní kẹ́ ẹ kọ́ ọ."

Oṣù mẹ́ta gbáko. Ọmọ á gbé "níbo" ṣáájú, á tún gbé e kúrò, á máa jẹ èékánná. Tíṣà á ní, "Tún un tò, ìyá mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, Jẹ́jẹ́ dorí kodò, ó kọ ọ́, kò tiẹ̀ wo páálí. Nígbà tó máa gbójú sókè, ẹ̀rín ti kún ẹnu ẹ̀. Ṣé kò yẹ kí tíṣà kọ́kọ́ kà á? Kò kà á! Àgbàlagbà obìnrin, tó tún lẹ awò mọ́jú! Ó fẹ́ kí àwọn òbí tó ń pe kíláàsì ẹ̀ ní kíláàsì òmùgọ̀ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé ọmọ dúró síwájú gbogbo wọn.

"Kà á, ìyá mi. Kó dún sókè."

Jẹ́jẹ́ ń fi ìka tọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Bàbá mi. Ń sunkún. Nínú kíṣìnì."

Ìyá kan tí kì í mọ ìgbà tí wọ́n ń panu mọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Káfíńtà! Ṣé àlùbọ́sà ni?"

Ojú ọkùnrin náà wálẹ̀. "Mo ní kẹ́ ẹ kọ́ ọ níwèé, tíṣà. Mi ò ní kẹ́ ẹ tú àṣírí mi síta." Ó fa ọmọ lọ́wọ́.

Ẹnu ọ̀nà ni Jẹ́jẹ́ ti yíjú padà. "Àǹtí, ṣé mi ò tò ó dáadáa ni?"

"O tò ó dáadáa, ìyá mi."

Jẹ́jẹ́ ò padà wá mọ́. Nígbà tí tíṣà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó bá a tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, èérún pákó bò ó lẹ́sẹ̀. Ó pe orúkọ ẹ̀. Jẹ́jẹ́ wo ojú bàbá ẹ̀ ná. Kò kí i.