Wọ́n Ní Mo Mu Ilẹ̀ Oko

Nílé wa ní Oko-Akarè, bí ẹnikẹ́ni bá bínú sí mi, ohun tí yóò sọ ni pé mo mu ilẹ̀. Kì í ṣe ti ìmùlẹ̀ àwọn awo o. Ilẹ̀ oko gan-an ni wọ́n ń wí, ilẹ̀ tí bàbá bàbá mi fi sílẹ̀. Àwọn ọmọdé tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà pàápàá ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, wọ́n á máa fi pè mí lọ́nà odò. Ó ń dùn mí títí di òní. Mo fẹ́ sọ ti ìyá bàbá mi, Ẹfúnwùmí, ẹni tó gbé ilẹ̀ náà fún mi mu, kí ẹni tó bá máa bú mi lè mọ ohun tó ń bú.

Lórí ìkúnlẹ̀ mi ni ìyá mi, Ẹ̀bùnọlá, kú sí, ní ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí àwọn Faransé gbé ìjọba sílẹ̀ fún wa. Bàbá mi wà níbi iṣẹ́ kòkó ní ìhà Nàìjíríà. Ó wá, ó sunkún, ó padà síbi iṣẹ́, a ò sì rí i mọ́. Àwọn obìnrin tó ń tọ́mọ lágbo ilé kọ́kọ́ ń fún mi lọ́mú díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú olójú ò lè jọ ojú ẹni, ọmú olọ́mú náà bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún mi ní ẹ̀kọ mímu, inú mi wú. Bí mo ṣe ń joro lọ nìyẹn, tí àwọn kan ti ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé ọmọ yìí ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀.

Ẹfúnwùmí kì í ṣe obìnrin tí í gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Epo pupa ni ó ń ṣe, apá rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ náà le. Ó gbé mi pọ̀n, ó forí lé gàá Sàmbò. Fúlàní ni Sàmbò, òun ni ọkọ Ẹfúnwùmí fún ní abo màlúù kan sìn kí ọkọ náà tó kú. Bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa ni pé Fúlàní ló ni wàrà, ẹni tó ni màlúù ló ni ọmọ tó bá bí. Kò sí ẹni tí í lọ fa màlúù wálé pé òun fẹ́ máa fún wàrà. Ìyá mi àgbà fà á wálé, tòun tọmọ rẹ̀. Sàmbò kìlọ̀ fún un pé màlúù tí a so mọ́lé kò lè wá oúnjẹ fúnra rẹ̀.

"Ìwọ ni yóò máa jẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀," ló wí.

Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe jẹ́ kí ọmọ màlúù kọ́kọ́ mu kí wàrà lè sọ̀, bí yóò ṣe fún un, àti iye tí yóò ṣẹ́kù fún ọmọ náà. Ó kọ́ ọ pé ẹnu ni wàrà ń gbà wọlé: ohun tí màlúù bá jẹ lówùúrọ̀ ni igbá yóò rí nírọ̀lẹ́.

Ará ilé rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ẹ wá wo Ẹfúnwùmí tó di Fúlàní lọ́jọ́ alẹ́. Ó sọ màlúù náà ní Bámitọ́mọ. Láàárọ̀ yóò lọ gé koríko létí odò, yóò gba èèrí lọ́wọ́ àwọn tó ń sẹ́ ògì, yóò gba èèpo ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń yan gàrí, yóò sá a títí tí yóò fi gbẹ táútáú, nítorí èèpo tútù a máa pa màlúù. Ẹni tó bá fún un léèpo, òun náà a gbé apẹ̀rẹ̀ ìgbẹ́ màlúù lọ sí oko ẹ̀fọ́ rẹ̀. Ó ń se wàrà náà lórí iná kí ó tó fún mi mu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi yọ, ẹ̀rín wọn sì dákẹ́.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ni kò jẹ́ kó pẹ́. Ọyẹ́ le lọ́dún náà, iná jó koríko títí dé etí odò. Pòròpórò àgbàdo tó kù ti gbẹ bí igi ìdáná, Bámitọ́mọ á jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á gbójú sókè. Wàrà ń dín kù títí ìdí igbá fi ń hàn. Èmi ń ké, ọmọ màlúù náà ń ké, Ẹfúnwùmí dúró láàárín àwa méjèèjì. Ohun kan ṣoṣo tó tutù ní gbogbo oko ni àwọn igi ọdán tó wà ní ààlà ilẹ̀ wa àti ilẹ̀ Fákẹ́yẹ. Àwọn bàbá ńlá ló gún wọn ní ọ̀pá síbẹ̀ tí wọ́n fi di igi, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn wọ́n bí ẹni ẹ̀gbẹ́ kejì ò bá mọ̀ sí i.

Ó tọ Fákẹ́yẹ lọ, ó kúnlẹ̀, ó rojọ́. Bàbá náà wò mí lẹ́yìn rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

"Ìyàwó, já ewé rẹ̀," ló wí. "Ewé kọ́ ni ààlà, igi ni. Èmi pẹ̀lú rẹ sì mọ ibi tó wà."

Ó ń já ewé, ó ń rù ú wálé, wàrà padà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, ọmọ wà lẹ́yìn, ẹrù wà lórí, ọjọ́ orí sì ti ń lọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí fa màlúù lọ sídìí igi, á so ó mọ́ ọn, á lọ wá igi ìdáná. Àṣìṣe ibẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ewé tí ẹnu Bámitọ́mọ tó tán, ó mú èèpo jẹ, ó ń bó o yípo. Ìyá mi àgbà rí i, ó po amọ̀, ó fi lẹ ojú ọgbẹ́ àwọn igi náà bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn. Iná oko kan kọjá lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí òjò dé, àwọn igi náà dúró funfun, wọn ò rúwé.

Fákẹ́yẹ ní kí ó fọkàn balẹ̀, pé bí ilẹ̀ bá rọ̀ dáadáa àwọn yóò jọ gún ọ̀pá mìíràn. Kí ilẹ̀ tó rọ̀, Fákẹ́yẹ kú. Rogatien ọmọ rẹ̀ wà ní Àjàṣẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé. Ó wá sìnkú, ó padà. Ẹfúnwùmí bá Abọ́dúndé, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ olórí ilé wa, sọ ọ́ léraléra pé kí wọ́n pe Rogatien kí wọ́n gún ààlà. Abọ́dúndé ní ilẹ̀ ò ní sá lọ.

Ilẹ̀ sá lọ. Mo ti ń sáré kiri nígbà tí ìjọba fẹ́ gbin ọ̀pẹ sórí ilẹ̀ wa, tí àwọn awọnlẹ̀ ń wọn oko oníkálukú sínú ẹgbẹ́ kọpẹratífù. Wọ́n ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan wá fi ààlà rẹ̀ hàn. Rogatien tọ́ka sí ìṣàn omi tó wà nínú ilẹ̀ wa dáadáa, ó ní ibẹ̀ ni ilẹ̀ bàbá òun dé. Abọ́dúndé tọ́ka sí ibi tí kò sí nǹkan kan, nítorí ikán ti jẹ kùkùté tán. Wọ́n ní Rogatien ò mọ̀, pé kékeré ló ti lọ síléèwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ kì í yára tọ́ka. Wọ́n wá ránṣẹ́ pe Ẹfúnwùmí, èmi ni mo di aṣọ rẹ̀ mú dé ibẹ̀.

"Ìyàwó, ta ló pa igi ààlà?" Abọ́dúndé ló bi í, lójú gbogbo ènìyàn.

"Èmi ni, ọkọ mi."

"Ìwọ lo sọ wá di aláìnílẹ̀ yìí?"

Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Igi kú," ló wí, "ọmọ ò kú."

Ṣùgbọ́n àwọn awọnlẹ̀ kì í wọn ọmọ. Okùn wọn gba ojú ìṣàn omi, ibi tó dára jù nínú oko wa di ti Rogatien. Wọn kì í jẹ́ kí màlúù wọ abẹ́ ọ̀pẹ, koríko wa sì ti bá ilẹ̀ lọ. Abọ́dúndé fa Bámitọ́mọ tà fún alápatà ní Ìkpìnlẹ̀. Ìyá mi àgbà kó ẹní rẹ̀ lọ sí àtíbàbà tí màlúù ń gbé tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ló ń sùn láti ìgbà náà, torí kò sí ẹni tó ń bá a jẹun mọ́ nínú ilé. Inú ń bí mi sí wọn títí di bí mo ti ń sọ ọ́ yìí.

Lẹ́yìn tí àwọn sójà gbàjọba, tí wọ́n ń pariwo rẹfolúsíọ̀n lórí rédíò pé ilẹ̀ di ti ẹni tó ń ro ó, ṣé ẹ rò pé ẹnìkan dá tiwa padà? Èmi ni mo ń ro ó, lábẹ́ ọ̀pẹ, iṣẹ́ ọ̀yà. Níbi tí mo ti ń roko lọ́jọ́ kan ni ọkọ́ mi ti kan ẹ̀ka tútù kan láàárín ìlà ọ̀pẹ. Mo ṣẹ́ ewé rẹ̀, oje funfun sun jáde. Ọdán ni. Gbòǹgbò rẹ̀ ni ò kú.

Mo sáré já a dání lọ sílé. Àìsàn ti dá Ẹfúnwùmí dùbúlẹ̀ nígbà náà, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Mo ní ìyá, igi ò kú o, ibi tí ẹ wí ló wà, a lè fi hàn wọ́n. Abọ́dúndé wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ta ni a fẹ́ fi hàn, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyá mi àgbà gba ewé náà, ó fọwọ́ pa á, ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Ó tutù," ló wí. "Ewé ti dé. Màlúù dà?"

Ó di ewé náà mú bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú.