Ìyá Àwọn Ọmọ Mi Létí Òkun

Nígbà tí àkọ́bí mi obìnrin tú bébà kúrò lára fọ́tò ìyá rẹ̀ tó di olóògbé, fọ́tò náà rí mi lára.

Kì í ṣe ohun tí mo fún onífọ́tò nìyí. Ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ti ya èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi, mo gbé ọwọ́ lé e léjìká. Làfún wà lórí páànù lẹ́yìn wa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yálé lọ́dọ̀ wa ń yọjú lójú fèrèsé. Mo ṣì mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ di ńlá fún pálọ̀ ni. Onífọ́tò nítòsí Ẹnuwá wá gé gbogbo wa dànù, ó lẹ obìnrin tí kò rí òkun rí mọ́ etí òkun.

“Ẹ wò ó dáadáa, Bàámi,” ọmọ mi wí. Tíṣà ni. “Òyìnbó ayé àtijọ́ ló fi ọ̀dà ya erékùṣù ẹ̀yìn wọn yìí, kámẹ́rà ò tíì dáyé. Àwọn olówó ló ń gbé irú ẹ̀ kọ́.”

Mo wò ó. Mi ò ní purọ́, ọwọ́ ẹni tó yà á dá ṣáṣá. Erékùṣù náà jókòó sínú omi bí òkèlè nínú ọbẹ̀. Àwọn èèyàn tín-tìn-tín ń ru ẹrù sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Òjò ṣú débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n pariwo pé kí wọ́n kó làfún wọlé. Àmọ́ ìyá wọn ga ju òkè ibẹ̀ lọ, ó ń rẹ́rìn-ín, kò lẹ́sẹ̀.

Mo gbé e padà lọ bá onífọ́tò. “Dá ẹ̀yìnkùlé mi padà.”

“Bàbá, ṣé páànù làfún lẹ fẹ́ máa wò ní pálọ̀ ni?”

“Òun ni.”

Ó dọ̀bálẹ̀. Fọ́tò náà ti gbó, ó ní, ó ya mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹyọ kan náà ni mo sì ní. “Ẹ jẹ́ kí n pa àbùkù tó kù yìí rẹ́ fún yín.”

Ó na ìka sí èjìká ìyàwó mi. Ìka mẹ́rin wà níbẹ̀, kò lápá, kò lẹ́ni tó ni ín. Ìka mi ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n ya wá, ìyàwó mi ní, “Bàbá wa, ẹ rọra tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, mi ò ní sá lọ.”

“Má pa á rẹ́,” mo wí.

Fọ́tò náà wà ní pálọ̀ báyìí. Òkun yẹn ṣì ń rí mi lára. Àwọn àlejò á wò ó, wọ́n á bi mí pé ìlú wo ni Ìyá rìnrìn àjò lọ. Ìka mẹ́rin yẹn ni mo máa ń fi hàn wọ́n.