Òwú Inú Ọrùn Aṣọ

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù Alhaji, ọ̀gá mi, n kò fọwọ́ kan omi. Mo ti ká apá aṣọ mi sókè, mo rò pé ọṣẹ àti omi nìkan ni iṣẹ́ alágbàfọ̀. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni Alhaji fi lé mi lọ́wọ́.

"Sámúẹ́lì, ṣé o fẹ́ kí ará Ọ̀fà lù wá pa ni? Aṣọ tí kò bá ní àmì, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa gbé e lọ."

Mo rán òwú náà sínú ọrùn aṣọ kan, mo ta á ní kókó. Ó fi èékánná fà á, ó tú. Ó ní kí n tún un ṣe. Ó tún fà á, ó tún tú. Bí a ṣe wà nìyẹn títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ìtòsí ibùdókọ̀ ojú irin ni ṣọ́ọ̀bù wa wà. Èmi àti ọ̀gá mi, kò sí ẹni tó mọ̀wé nínú wa nígbà náà. Mo ti bímọ kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Òwú la fi ń mọ aṣọ. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ wá, a ó yí ọrùn rẹ̀ sóde, a ó rán òwú kékeré sí i níbi tí ojú kò ní tó o. Olúkúlùkù ló ní àwọ̀ òwú tirẹ̀ àti iye kókó tirẹ̀. Bí léèsì funfun bá kún orí okùn tí a ń sá aṣọ sí, inú ọrùn wọn la máa ń fọwọ́ wá.

Òfin méjì ló wà nídìí òwú yìí. A kì í fi òwú pupa sára aṣọ funfun, torí pé bó bá ti rí omi ni pupa máa ń ṣí. A kì í sì í fi òwú sára aṣọ tiwa àti ti àwọn ìyàwó wa. "Aṣọ ilé mọ̀nà ilé," bẹ́ẹ̀ ni Alhaji máa ń wí.

Nígbà kan, ìyá kan láti Ẹ̀rìn-Ilé àti obìnrin Ọ̀fà kan jọ di bùbá kan ṣoṣo mú níwájú ṣọ́ọ̀bù. Alhaji ní, "Ẹ̀yin ìyá, ìjà ilẹ̀ ìlú yín méjèèjì kò tíì parí, bùbá ló tún kàn?" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ó yí ọrùn bùbá náà sóde, ìjà sì parí.

Ṣùgbọ́n aṣọ tí n kò lè gbàgbé ni agbádá funfun tí oníṣòwò kan fi sọ́dọ̀ wa nígbà tó fẹ́ wọkọ̀ ojú irin lọ sí Kánò. Kò padà wá. Ọdún ń gorí ọdún. Agbádá náà pọ́n níbi tí a ti ká a, eku jẹ etí rẹ̀. Mo ní kí á fi ṣe aṣọ ìnulẹ̀. Alhaji bi mí pé, "Ìwọ lo ni ín ni?"

Lọ́jọ́ kan, baba arúgbó kan tẹ ọ̀pá wọlé, ó ní òun wá gba aṣọ òun. Kò sẹ́ni tó dá a mọ̀ nínú wa, àfi ìgbà tó dárúkọ. Ojú tì mí láti gbé agbádá náà jáde. Alhaji yí ọrùn rẹ̀ sóde, òwú aláwọ̀ ewé rẹ̀ wà níbẹ̀.

"Baba, ẹ má bínú," ni mo wí, "ó ti bàjẹ́."

"Ta ló bi ọ́ bóyá ó bàjẹ́? Tèmi ni."

Ibẹ̀ ló ti gbé e wọ̀, pẹ̀lú ihò ara rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Aládùúrà ni Rèbékà, ìyàwó mi. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú, apá òsì ló kọ́kọ́ mú. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó iyè rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Àdúrà Olúwa tó ti ń gbà láti kékeré kò ṣeé parí mọ́.

"Bàbá Bùnmi, ibo ni mo dé?"

"Kí ìjọba rẹ dé."

Á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Alhaji wá kí i, Rèbékà pè é ní Bíṣọ́ọ̀bù. Alhaji ní, "Ìyàwó, rọra o, kí wọ́n má gbọ́ ọ ní mọ́ṣáláṣí." Ó rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Alhaji lọ tán, ẹkún ló bú sí. "Mo ti ń gbàgbé Rẹ̀. Bí mo bá dé ọ̀hún tí mi ò lè pe orúkọ Rẹ̀, ṣé Ó máa mọ̀ mí?"

N kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mo jókòó tì í. Mo sọ ìtàn agbádá Kánò fún un.

"Ǹjẹ́ agbádá yẹn mọ orúkọ baba náà?" ni mo bi í.

"Báwo ni agbádá ṣe máa mọ orúkọ?"

"Síbẹ̀, ó bá a délé. Rèbékà, wọ́n ti fi àmì sí ọ títí di ọjọ́ ìràpadà. Ẹni tó ni ọ́ kò ní gbàgbé."

Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀rù bá bà á, á ní, "Ẹ sọ ti Kánò." Mo ń sọ ọ́.

Nígbà tó ṣe, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nìkan ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Á gbé e lọ sí ọrùn aṣọ ara rẹ̀, á yí i sóde, á máa fi ìka wá inú rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń wá. Aṣọ ilé ni, kò sí òwú níbẹ̀. Á wá yíjú sí mi. Mo di ọwọ́ náà mú.

Alẹ́ ọjọ́ kan ló sùn, tí kò jí mọ́.

Èmi fúnra mi ni mo fọ aṣọ funfun tó máa ń wọ̀ lọ síbi oúnjẹ Olúwa, èyí tí a ó fi sin ín. Mo rẹ ẹ́ sínú sítáàṣì, mo sì fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́. Alhaji jókòó tì mí. Nígbà tí mo mú abẹ́rẹ́, ó gbójú sókè.

"Sámúẹ́lì, aṣọ ilé mà ni."

"Rárá, Alhaji. Wọ́n fi í sọ́dọ̀ mi ni."

Ó wo òwú tí mo fà yọ. "Pupa? Lára funfun? Á ṣí o."

"Kò ní rí omi mọ́."

Mo rán an sí inú ọrùn aṣọ náà, mo ta á ní kókó. Alhaji na ọwọ́, mo gbé e fún un. Ó wá kókó náà rí, ó fi èékánná fà á bí ó ti ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó tún fà á.

Kò tú.