Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Téèpù Wọn Fóònù Mi

Mo ti ta irú ní ọjà Arámọkọ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kò sì sí ìgbà kan tí ìjọba sọ pé òun kò mọ ohun tí òun yóò pè mí. Ìgbà tí mo gbé ọjà mi dé orí fóònù ni ọ̀rọ̀ náà tó di àdììtú.

Ìsọ̀ mi wà ní ìlà kẹta, ní ẹ̀gbẹ́ àwọn ẹlẹ́gùúsí. Ìyá ìyá mi ló kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀, ìyá mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, èmi náà sì gbà á lọ́wọ́ ìyá mi. Kò lẹ́wà o. Páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, òjò a sì máa kán sí mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìyá mi ti fún mi lọ́mú, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ mi pé ìka ni a fi ń dán irú wò kí imú tó dá sí i. Bí ẹnìkan bá ní òun yóò fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pààrọ̀ rẹ̀ fún mi, ìjà ni a óò jà.

Ọjọ́ karùn-ún karùn-ún ni ọjà wa ń ná. Òfin ọjà ni pé bí oní-ìsọ̀ kò bá jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ ọjà márùn-ún léra wọn, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn. Aláìsàn àti abiyamọ nìkan ni wọ́n máa ń dúró dè. Ní ọdún tó kọjá, mo yọ̀ ṣubú lẹ́yìnkùlé níbi tí mo ti ń fọ irú, orúnkún mi wú, nọ́ọ̀sì sì ní n kò gbọdọ̀ tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ dáadáa títí oṣù kan yóò fi pé. Ẹ ó ní ọ̀rọ̀ tán nìyẹn, aláìsàn ni mí, kí wọ́n dúró dè mí. Ẹ fara balẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Adó wá kí mi. Ó ya àwòrán irú mi, ó gbé e sójú fóònù níbi tí gbogbo ẹni tó bá ní nọ́ńbà mi ti lè rí i, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Irú Èkìtì gidi. Kò ní òkúta, kò ní iyanrìn.” Irọ́ díẹ̀ wà nínú ti iyanrìn yẹn, ṣùgbọ́n ọmọ mi ló kọ ọ́, kì í ṣe èmi. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti ń pè mí láti Ìbàdàn, láti Àbújá, láti Pọ́tákọ̀. Mo jókòó sórí àga, mo na ẹsẹ̀ sórí àpótí, mo ń ta irú fún àwọn tí n kò mọ ojú wọn. Ìṣòro mi kò ju ti awakọ̀ lọ, nítorí kò sí èrò ọkọ̀ tó fẹ́ bá irú rìnrìn àjò. Ẹnìkan ṣoṣo ló gbà láti máa gbé e lọ sí Àbújá. Ó ní òun kì í gbọ́ òórùn nǹkan kan mọ́.

Gbogbo Arámọkọ wá mọ̀ pé mò ń tajà. Bí mo bá ní ara mi kò yá, wọn á bi mí pé ta ni ó ń kó garawa irú lọ sí gáréèjì lójoojúmọ́.

Obìnrin tó ń ta ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló mú iṣẹ́ Ìyálọ́jà wá sílé. Ó ní ọjọ́ ọjà mẹ́rin ti kọjá. Bí ìkarùn-ún bá pé tí ọ̀rọ̀ mi kò bá lójú, wọn yóò gbé ìsọ̀ mi fún obìnrin kan tó ti Ọ̀ṣun wá, tó ń ta ṣájà àti ìbòrí fóònù. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dé ikùn. Fóònù ló gbé mi kúrò nínú ọjà, fóònù náà ló tún fẹ́ wá jókòó sáàyè mi.

“Sọ fún wọn pé oníṣòwò ni mí síbẹ̀,” ni mo wí.

“Wọ́n ní kí o mú tíkẹ́ẹ̀tì wá.”

Tíkẹ́ẹ̀tì owó ọjà ló ń sọ nípa rẹ̀, èyí tí àwọn ará káńsù máa ń já fún ẹni tí wọ́n bá rí ọjà níwájú rẹ̀. Èmi kò ní iwájú kankan tí wọ́n lè rí. Ni mo bá gun ọ̀kadà lọ sí káńsù ní ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ mi kan nà síta, tí àwọn ewúrẹ́ ń yà fún mi.

Ọkùnrin tó ń rí sí owó ọjà níbẹ̀ jẹ́ ọmọlúàbí, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ṣí ìwé ńlá kan.

“Mọ̀mí, ìsọ̀ olórùlé ni, àbí aláìlórùlé? Àbí ẹ ń kiri ni? Àbí ọmọlanke lẹ ń tì?”

“Fóònù ni.”

Ó wo ìwé náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. “Fóònù kò sí níbí, mà.”

Ó pe ọ̀gá kan ní Adó. Ìyẹn ní ohunkóhun tó bá ti gba ojú òfuurufú kọjá, Àbújá ló ni ín. Ó pe ẹlòmíràn ní Àbújá. Ìyẹn bi í pé kí ni wọ́n ń tà. Nígbà tó gbọ́ pé irú ni, ó ní oúnjẹ nìyẹn, kì í ṣe ọ̀ràn tòun, ẹ̀ka oúnjẹ ni kí a pè. Ẹ̀ka oúnjẹ ní bí kò bá ti sí ilé iṣẹ́ tí àwọn lè wá yẹ̀ wò, àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló fi ohun kan náà parí ọ̀rọ̀: ìlànà ń bọ̀ lọ́nà. Mo ní kí ọkùnrin náà bá mi bi wọ́n bóyá ẹsẹ̀ ni ìlànà náà fi ń rìn bọ̀, kí n lè rán ọ̀kadà lọ pàdé rẹ̀. Kò bi wọ́n.

Àánú mi ló ṣe é. Ní ọjọ́ kẹta, ó wá sílé mi pẹ̀lú ìwé ńlá rẹ̀ àti téèpù. Ó ní n kò lè gba tíkẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé òun kọ gígùn àti fífẹ̀ ibi tí mo ti ń tajà sílẹ̀. Mo na fóònù sí i. Ó gbé e sórí tábìlì, ó fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó mi orí. Ìwọ̀n tó kéré jù nínú ìwé rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Ó wọn tábìlì. Mo ní kì í ṣe orí tábìlì nìkan ni mo ti ń tà á, pé mo ti ta irú lórí ibùsùn rí, mo sì ti tà á níbi tí n kò lè dárúkọ fún ọmọkùnrin. Ó dáwọ́ wíwọ̀n dúró. Ó ronú títí, ojú rẹ̀ wá dán.

“Mọ̀mí, ṣé ó máa ń rìn kiri?”

“Ó ń rìn.”

“Ṣé ọwọ́ lẹ fi ń darí ẹ̀?”

“Ọwọ́ ni.”

“Ọmọlanke ni,” ó ní, ó sì já tíkẹ́ẹ̀tì fún mi. Mo gbà á, mo gbàdúrà fún un. Mo rò pé mo ti rí ìsọ̀ ìyá mi gbà.

Ọjọ́ ọjà karùn-ún pé. Ìyálọ́jà jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà ọjà níwájú ìsọ̀ mi. Obìnrin oníṣájà ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ àti ìgbálẹ̀ tuntun, bí ìyàwó tí wọ́n ń mú wọlé. Mo fi ìgboyà gbé tíkẹ́ẹ̀tì mi kalẹ̀. Ìyálọ́jà ti ṣe tíṣà rí, ó kà á sókè.

“Ọmọlanke. Kété o gbé ọmọlanke rẹ sí?” Ó ń wo ẹ̀yìn mi bí ẹni tó ń wá a.

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Mo ní fóònù ni.

“Ọlọ́mọlanke kì í ní ùsọ̀ nínú ọjà yìí,” ni Ìyálọ́jà wí. “Bí o ti gba ùwé yìí, o ti fi ọwọ́ ara rẹ sọ pé o ti fi ùsọ̀ rẹ sílẹ̀.”

Mo wo páànù onípẹtà yẹn, omijé dé ojú mi, inú sì bí mi nítorí omijé náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo ní ìwé káńsù kò mọ̀ mí, Adó kò mọ̀ mí, Àbújá ní kí n dúró, ẹ̀yin tí a jọ dàgbà náà wá ní mo ti lọ. Mo ní ibikíbi tí mo bá ti ń ta urú, ọjà ni.

Ìyálọ́jà jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. “Ó dáa. Bí urú rẹ bá bàjẹ́ mọ́ ẹni tó rà á níbí lọ́wọ́, kí ló máa ṣe?”

“Á gbé e wá bá yín.”

“Ẹni tó wà ní Àbújá ńkọ́?”

Ibi tó yẹ kí n ti dákẹ́ nìyẹn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. “Àwọn kì í ṣàròyé,” ni mo wí. “Ẹnìkan ṣoṣo ló ṣe é rí, mo sì ti bílọ́ọ̀kì rẹ̀.”

Àgbàlagbà kan bèèrè ohun tí bílọ́ọ̀kì jẹ́. Oníṣájà ló ṣàlàyé, tayọ̀tayọ̀: “Ó tilẹ̀kùn mọ́ ọn ni, mà. Bó pè é di ọdún tó ń bọ̀, kò ní wọlé.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyálọ́jà ní ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Ó ní ohun tí a fi ń pè é ní ùsọ̀ kì í ṣe páànù, ibi tí ẹni tí a ṣẹ̀ ti lè rí wa mú ni. “Pè é níwájú wa. Bí o bá dá a lóhùn bí oní-ùsọ̀ ti í ṣe, jókòó síbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, máa ti ọmọlanke rẹ lọ ulé.”

Mo ṣí ìlẹ̀kùn tí mo tì, mo pè é. Kò wọlé. Òun náà ti tilẹ̀kùn mọ́ mi. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, bóyá ni wọn kò gbọ́ ọ dé Ìlógbò. Ìyálọ́jà mú fóònù kékeré tirẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà náà, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. Obìnrin kan dáhùn. Ìyálọ́jà sọ ẹni tí òun jẹ́ fún un, ó sì ní ẹni tó ta irú fún un ti wà níwájú òun.

“Èmi ni,” ni mo wí. “Ẹ má bínú pé mo sá. Kí ló ṣe irú náà?”

“Irú yín dáa, mà,” ni obìnrin náà fèsì. “Òórùn bẹntiróòlù ló ń rùn. Ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀gì ni awakọ̀ yín gbé e sí. Mi ò fẹ́ gba nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ sọ fún yín kí ẹ pààrọ̀ awakọ̀ ni, torí èèyàn mẹ́ta ni mo júwe yín fún ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn ṣe rùn. Àwọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn fi yín sílẹ̀ ni.”

Nígbà tí wọn kò rà á mọ́, èmi ń sọ kiri pé owó ti tán lọ́wọ́ àwọn ará Àbújá ni. Ojú tì mí débi pé orúnkún mi gbàgbé láti dùn mí. Ẹnìkan ṣoṣo tó fẹ́ràn ọjà mi tó láti bá mi wí ni mo lé lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ ní gbangba, mo sì ní irú míràn ń bọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ míràn.

Ìyálọ́jà ní kí n jókòó. Mo jókòó sí ìsọ̀ ìyá mi. Oníṣájà gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ, mo ní kí ó máa pàtẹ sí etí ìsọ̀ náà. Kì í ṣe àánú. Ṣájà mi ti bàjẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n obìnrin Àbújá náà kò tíì pa fóònù rẹ̀. Ó bi Ìyálọ́jà bóyá ẹjọ́ irú nìkan ni ó máa ń gbọ́. Obìnrin náà pín nọ́ńbà rẹ̀ kiri, láti ọjọ́ náà sì ni fóònù kékeré yẹn kò ti sinmi mọ́. Ẹni tó ra aṣọ tí kò wọ̀ ọ́ ń pè, ẹni tó ra ìkòkò tó bá páálí òfìfo ń pè. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ra nǹkan ní Arámọkọ. Ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, mo wà nítòsí nígbà tí ọkùnrin kan pè láti Ìlọrin. Ó ra bàtà lórí ayélujára, ẹsẹ̀ òsì méjì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, ó sì ti pe gbogbo ibi tó mọ̀ pátá. Ìyálọ́jà gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

“Ọmọ mi,” ó ní, “mi ò mọ ẹni tó ta bàtà náà fún ọ, mi ò sì lè mú un. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ. Ìwọ lo jàre.”

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, ó ń dúpẹ́ ṣáá, bí ẹni pé bàtà ọ̀tún ti dé.